Ọ̀dọ́ àtìpó, èdè púpọ̀ àti ipò olórí ní Àgbádárìgì: kí ló wà nídìí awuyewuye yìí?

Láti ìgbà ìdìbò ọdún 2023 ni ìbéèrè "Ta ló ni Èkó?" ti gba orí ẹ̀rọ ayélujára, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí àwọn kan tú jáde ní Accra, olú-ìlú Gánà, tí wọ́n ń sọ pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà kó ẹrù wọn, ọ̀rọ̀ náà tún gbóná sí i, títí tí Ààrẹ John Mahama fi sọ̀rọ̀ láti fi ọkàn àwọn ọmọ Nàìjíríà balẹ̀.

Ní Àgbádárìgì, tí kò jìnnà sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù lásán. Ó kan àwọn ọ̀dọ́ tí a ń bá pàdé lójoojúmọ́: àwọn tí wọ́n bí sí ìlú míràn, tàbí tí òbí wọn ti ibòmíràn wá, tí wọ́n gbọ́ èdè mẹ́ta sí mẹ́rin, tí wọ́n sì ń di akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìjọ tàbí mọ́sálásí, tàbí ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹ̀yà méjì. Àwọn kan ń yìn wọ́n pé àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí ará ìlú gbọ́ ara wọn yé. Àwọn mìíràn ń kọminú pé bí àlejò bá ń darí ìpàdé lónìí, ilẹ̀ àti oyè ni yóò kàn lọ́la. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn náà ti da ohun mẹ́ta tí kò jọ ara wọn pọ̀: ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú, ipò ọmọ ìbílẹ̀, àti iṣẹ́ àtinúwá láàárín àdúgbò. Ohun tí àlàyé yìí fẹ́ ṣe ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn wo gan-an là ń pè ní ọ̀dọ́ àtìpó?

Wọn kì í ṣe ọ̀wọ́ kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti máa ń wọlé. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìpínlẹ̀ mìíràn: Ìlàjẹ àti Ìjọ (Ijaw) tí wọ́n ń pẹja, Haúsá, Ìgbò, àti Yorùbá láti ìlú òkè. Àwọn kan wá láti Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà. Nínú wọn ni àwọn Éwé wà, tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ń pè ní Àgànyìn, tí wọ́n sì mọ̀ mọ́ ẹ̀wà tí àwọn obìnrin wọn ń tà ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Ọ̀wọ́ kẹta ni àwọn ènìyàn kì í sábà rántí: àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sókè òkun, tàbí sí orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá. Gbogbo ẹni tó bá mọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ló ń gbé Abidjan ní Côte d'Ivoire, àti pé Faransé ni ọmọ wọn máa ń kọ́kọ́ kà nílé ìwé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá padà wá ṣòwò ní ẹ̀bá Sẹ̀mẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yóò mú kí wọ́n kà á sí àlejò, bẹ́ẹ̀ ọmọ Oòduà ni.

Àwọn Ògù pàápàá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ẹ̀gùn, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ní Àgbádárìgì, ní ìbátan ní Pọ́tónófò, ìyẹn Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà. Àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe ní ọdún 1889 ló la ààlà sáàárín agboolé sí agboolé. Nítorí náà, ọ̀dọ́ Ògù tó ti Àjàṣẹ́ wá lè jẹ́ àjèjì lójú òfin, kó sì jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá lójú ẹbí.

Ní ti ọjọ́ orí, ìwé àdéhùn àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Banjul ní ọdún 2006 sọ pé ẹni ọdún 15 sí 35 ni ọ̀dọ́. Ìlànà ìjọba Nàìjíríà ti ọdún 2019 dín in kù sí ọdún 15 sí 29. Ìlànà méjèèjì yàtọ̀ sí ohun tí àdúgbò ń ṣe, níbi tí ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún ti lè jẹ́ olórí ọ̀dọ́ láìsí ẹni tó máa bi í léèrè.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Àgbádárìgì?

Ìlú yìí kò bẹ̀rẹ̀ irú ìbágbé yìí lánàá. Ní nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown, bẹ̀rẹ̀ sí í gba etíkun Àgbádárìgì padà sílé. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún ní èdè ìyá wọn lẹ́nu. Ní ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, wàásù lábẹ́ igi Àgíà. Ní ọdún 1845, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n ti mú lẹ́rú ní kékeré, gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú míṣọ́nnárì Henry Townsend. Ọdún náà ni wọ́n kọ́ ilé alájà tí gbogbo ayé mọ̀ sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà tán. Crowther kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà, kì í ṣe ọmọ Àgbádárìgì, ogbufọ̀ sì ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó wá ṣe.

Ó yẹ kí a sọ apá kejì ìtàn náà pẹ̀lú, nítorí àwọn tó ń kọminú máa ń mẹ́nu bà á. Sẹ́ríkí Fáremí Williams Abass, tí àgọ́ ẹrú rẹ̀ ṣì wà fún ìbẹ̀wò ní Àgbádárìgì, kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Ìjógà ní ilẹ̀ Yewa ni wọ́n ti mú un lẹ́rú. Ó gbọ́ èdè àwọn òyìnbó, ó padà wá, ó di olówò ẹrú ńlá, ó sì di olóyè. Ìtàn ìlú fi hàn pé ẹni tó gbọ́ èdè púpọ̀ lè lo ẹnu rẹ̀ láti tún ìlú ṣe, ó sì lè lò ó láti tà á. Èyí ló jẹ́ kí ó tọ́ láti béèrè ọ̀nà tí ọ̀dọ́ kan gbà dé ipò àti ẹni tó ń jíhìn fún, ju pé kí a kàn béèrè ibi tó ti wá.

Ní ayé òde òní, ohun mẹ́rin ló mú kí àlejò pọ̀ sí i. Wọ́n dá ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù Karùn-ún ọdún 1975, àdéhùn lílọ bíbọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1979 sì ṣílẹ̀kùn fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà láti wọ òmíràn láìgba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ní ọdún 1991 ni wọ́n dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti gbogbo Nàìjíríà ti ń wá fi ẹnu ara wọn sọ Faransé láìrìnrìn àjò lọ sókè òkun. Èkó ńláńlá náà ń fẹ̀ wá sí ọ̀nà Àgbádárìgì, àwọn tí owó ilé lé kúrò ní ààrin ìgboro sì ń wá ilẹ̀ àti yàrá níhà ibí. Ìkẹrin ni òwò ẹnubodè fúnra rẹ̀, tó ti rí ìyà àti ìdùnnú: wọ́n ti ẹnubodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọn kò sì ṣí i padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Láàárín àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ ní láti mú ibì kan ṣe ibùgbé.

Iṣẹ́ wo gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ yìí ń ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìpàdé àdúgbò, níbi tí ọ̀rọ̀ owó tíráńsífọ́mà wà nílẹ̀. Alága fi Yorùbá sọ pé ilé kọ̀ọ̀kan yóò dá iye kan, àti pé ẹni tí kò bá dá a, wọn yóò yọ wáyà rẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ Ògù lóye apá kan. Ọkùnrin kan láti Lomé tó ń gbé yàrá kan gbọ́ "yọ wáyà" nìkan, ó sì rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ yóò dìde, yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Ògù àti Faransé, ṣùgbọ́n kò ní dúró síbẹ̀. Yóò padà bi alága pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé ni àbí yàrá? Nítorí àwọn tó ń gbé yàrá kan rò pé iye kan náà ni wọn yóò san pẹ̀lú onílé." Ìbéèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti rí ibi tí ìjà yóò ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì ti dí i kí ó tó yọ.

Ohun tó tún fara jọ èyí ni ọ̀rọ̀ Zángbétò, ẹ̀ṣọ́ òru àwọn Ògù. Ọmọ ìlú mọ ìgbà tí kò yẹ kí èèyàn máa rìn káàkiri. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó sì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, kò mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀dọ́ kan bá gbọ́ ìkéde láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, tó sì fi sórí WhatsApp àdúgbò ní Yorùbá, ní Faransé, ní Haúsá àti ní pìjìn, ó ti dáàbò bo àṣà onílé, ó sì ti dáàbò bo àlejò pẹ̀lú. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ojú àlejò tóbi, àmọ́ kò fi ríran. Ẹni tí ń fi ọ̀nà hàn án ni ọ̀dọ́ tí àwa ń sọ yìí.

Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nípa òkú sísin. Láàárín àwọn ará Gánà, aṣọ dúdú àti pupa ni wọ́n ń wọ̀ ṣọ̀fọ̀, àjọ òkú wọn sì lè gbà ju ọjọ́ kan lọ pẹ̀lú ìlù. Ará àdúgbò tí kò mọ̀dí rẹ̀ lè rò pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ló ń ṣèpàdé. Ọ̀rọ̀ ṣókí tí ọ̀dọ́ kan bá lọ bá baálẹ̀ sọ ṣáájú, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ àti obì lọ́wọ́, lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ìpè sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tó ní láti kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a sì ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ kàn ń kí ènìyàn bí wọ́n ṣe ń kí ìyá tiwọn ni.

Ní ọjà Agbálátà, iṣẹ́ náà lọ́wọ́ owó nínú. Àwọn oníṣòwò ń fi sẹ́fà, ìyẹn owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àti náírà dúnàá-dúrà, iye tí sẹ́fà jẹ́ sí náírà sì ti yí padà gan-an láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba jẹ́ kí iye náírà máa lọ bí ọjà bá ṣe rí. Ìjà tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ìṣirò, wọ́n a máa pè é ní ìjà ẹ̀yà kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ìwé wò.

Ṣé òfin fàyè gba àtìpó láti jẹ́ olórí?

Ìdáhùn yàtọ̀ sí irú olórí tí à ń sọ. Fún ọmọ Nàìjíríà tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá, Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ ní apá 41 pé ó lè lọ síbikíbi kó sì gbé ibẹ̀, apá 42 kọ kí wọ́n fi ibi tí ènìyàn ti wá fìyà jẹ ẹ́, apá 15 sì ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ ibùgbé kíkún níbikíbi. Ìwé kan náà ni, ní apá 147, sọ pé ó kéré tán mínísítà kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sọ ẹni tí ọmọ ìbílẹ̀ jẹ́ ní tààrà, àmọ́ apá 318 ṣàlàyé pé ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí òbí rẹ̀ kan ti inú àwùjọ onílẹ̀ ibẹ̀ wá. Ọ̀nà méjì yìí, ti ibùgbé àti ti ìran, ló ń kọlu ara wọn láti ìgbà yẹn, àwọn méjèèjì ló sì wà nínú òfin. Ẹni tó bá sọ pé òfin wà lẹ́yìn òun nìkan kò tíì kà á tán.

Fún ọmọ ilẹ̀ mìíràn nínú ECOWAS, àdéhùn náà fún un ní ẹ̀tọ́ láti wọlé, láti gbé àti láti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Bí àádọ́rùn-ún ọjọ́ bá kọjá, ó gbọ́dọ̀ gba káàdì ibùgbé. Kò fún un ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Apá 77 àti 117 Ìwé Òfin sọ pé ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18 nìkan ló lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Òfin Not Too Young To Run tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, tó dín ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kù láti 30 sí 25, kò kan ọmọ ilẹ̀ òkèèrè rárá.

Oyè ìlú wà lábẹ́ òfin ọba àti ìjòyè àti lábẹ́ agboolé tó ni ín. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí a ń pè ní CDA, jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. Akọ̀wé CDA kò ní àṣẹ lórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Owó gọ́tà àti ẹ̀ṣọ́ òru ló ń kó jọ.

Ohun kan wà tí ariwo ẹ̀yà máa ń bò mọ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, onílé nìkan ni wọ́n ń yàn sípò, wọn kì í yan ayálégbé. Ayálégbé sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọ̀dọ́ yìí. Ọ̀dọ́ Yorùbá láti Ọ̀yọ́ tó ń gbé yàrá kan ní Ìbẹ̀rẹ̀kó lè bá ìdènà kan náà pàdé tí ọ̀dọ́ láti Tógò bá pàdé. Bí a bá fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, ìwé ilẹ̀ ló ń dá púpọ̀ nínú wọn dúró, kí ilà ojú tàbí èdè tó dé ọ̀rọ̀.

Kí ni àwọn tó ń kọminú ń sọ?

Ohùn àwọn Ògù ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn kò rí bí ti àwọn tó ń pariwo ní ìgboro Èkó. Àwọn fúnra wọn jẹ́ ẹ̀yà kékeré nínú ìpínlẹ̀ tí Yorùbá pọ̀ sí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé wọn kò ráyè tó nínú ìjọba, àti pé ọmọ wọn ń fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò èdè ìyá wọn. Nígbà tí ìjọba Èkó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan nílé ìwé nípa òfin tí Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé bu ọwọ́ lù ní oṣù Kejì ọdún 2018, èdè Ògù kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí ọ̀dọ́ àlejò tó di olórí, ìbẹ̀rù rẹ̀ ni pé èdè kan tún fẹ́ jókòó lé tòun lórí. Bí ọ̀dọ́ náà bá sì gbọ́ Ògù dáadáa, ìbẹ̀rù yẹn máa ń rọlẹ̀ púpọ̀.

Àwọn onílẹ̀ mìíràn, Ògù àti Àwórì, ń sọ ti ilẹ̀. Wọ́n ti rí i ní apá ibòmíràn ní Èkó bí ẹni tó wá ra pẹ̀lẹ́bẹ̀ ilẹ̀ kan ṣe ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí ẹgbẹ́ sì ń fi olórí jẹ, tí olórí náà sì ń pe ara rẹ̀ ní ọba àwọn ènìyàn tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní tiwọn ń wo ààbò ẹnubodè: wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó wọlé, ìwé tó mú lọ́wọ́, àti bóyá ẹni tó ń ṣe ogbufọ̀ fún àwọn ènìyàn kò tún máa bá wọn fi ọ̀nà ẹ̀yìn kó ẹrù.

Àtakò tún ń wá láti inú ilé àwọn àtìpó gan-an. Olórí àwọn Éwé, Sẹ́ríkí àwọn Haúsá tàbí Éze àwọn Ìgbò ti jẹ́ agbẹnusọ fún ọdún pípẹ́. Kò dùn mọ́ irú àgbà bẹ́ẹ̀ nínú kí ọmọ tí òun lè bí máa bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé òun rán an. Ọ̀dọ́ tó gbójú fo èyí máa ń pàdánù ilé kó tó jèrè òde.

Kí ni àwọn ọ̀dọ́ náà àti àwọn alátìlẹ́yìn wọn ń sọ?

Wọ́n ń sọ pé àwọn ń san owó àdúgbò bí ẹlòmíràn, pé níhìn-ín ni wọ́n ti bí púpọ̀ nínú àwọn, àti pé wọn kò béèrè oyè. Wọ́n tún ń tọ́ka sí ìtàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ kí àjèjì tí kò ní ìwé ibùgbé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ gan-an nínú àwọn tó padà wá sílé lọ́wọ́ òfo, tí àwọn mìíràn nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá já gaara mọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn tí kò níwèé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ará Gánà. Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gbà kọjá pẹ̀lú báàgì tí a ṣì ń pè ní Ghana Must Go. Ìwé ibùgbé ni ìjọba méjèèjì fi ṣe àwíjàre. Àmọ́ lójú àwọn ọ̀dọ́ yìí, ohun tó mú kí ará ìlú gbà bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀rùn ni pé wọn kò mọ aládùúgbò wọn. Èrò àwọn ọ̀dọ́ yìí ni pé bí ènìyàn bá gbọ́ èdè ara wọn, tí wọ́n mọ ìdí tí oníkálukú fi ń ṣe ohun tó ń ṣe, yóò ṣòro láti fi wọ́n kọlu ara wọn.

Ẹ̀rí fún èyí kò lè pé, nítorí ìjà tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba irú èrò yẹn nígbà tó gbé ìpinnu 2250 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, tó ní kí àwọn ìjọba fún ọ̀dọ́ láyè nínú ìlàjà àti ìpinnu.

Ibo ni ọ̀rọ̀ èdè ilé ìwé ti wọ inú rẹ̀?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Túnjí Aláùsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ti Faransé, tí ìjọba Abacha sọ ní ọdún 1996 pé yóò jẹ́ èdè ìjọba kejì, wà nínú ìwé ju ẹnu ọmọ lọ.

Àbájáde rẹ̀ ní Àgbádárìgì ni pé bí òbí tó gbọ́ Ògù tàbí Faransé nìkan bá fẹ́ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ló máa gba ọ̀rọ̀ náà sọ láàárín wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ fúnra rẹ̀ ni, èyí kò sì dára bí ọ̀rọ̀ bá kan ìwà ọmọ ọ̀hún. Ọ̀dọ́ àdúgbò ni wọ́n tún máa ń ké sí, láìsí owó, láìsí lẹ́tà ìdánimọ̀ kankan.

Kí ló kù tí kò tíì yanjú?

Ọ̀rọ̀ ECOWAS kò dúró bákan náà mọ́ láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025 tí Mali, Burkina Faso àti Niger ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Niger ló ń ṣiṣẹ́ káàkiri Èkó, ipò wọn lójú òfin sì wà lọ́wọ́ àdéhùn tí ìjọba bá tún ṣe. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá wà nípò nínú ẹgbẹ́ àdúgbò nílò kí ẹnì kan ṣàlàyé fún un ní èdè tó gbọ́.

Láàárín ìlú, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rọrùn láti kọ sórí ìwé, ó sì ṣòro láti dáhùn nínú ìpàdé. Ṣé CDA yóò gba ayálégbé sí ipò akọ̀wé tàbí ti olùbáraẹnisọ̀rọ̀, kó sì fi ipò alága sílẹ̀ fún onílé? Ṣé wọn yóò máa ka ìwé ìpàdé ní Yorùbá nìkan, àbí wọn yóò fi Ògù kún un kí wọ́n tó ronú kan Faransé? Ta ni yóò máa san owó ogbufọ̀ ní ilé ìwòsàn àti ní àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí gbólóhùn kan tí wọ́n túmọ̀ sódì ti lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n tàbí kí ó gba ẹ̀mí? Àdúgbò kọ̀ọ̀kan, láti Àjàrá dé Mọ̀wó, ló ní ìwé òfin CDA tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọn yóò ti dáhùn.